Èémí Bàbá Àjàmú Nínú Sìlíńdà Sàká

Wọ́n ní èémí Bàbá Àjàmú ló wà nínú sìlíńdà Sàká. Wọ́n ní lọ́sàn-án ọjọ́ tí bàbá náà kú, Sàká wà ní yàrá tirẹ̀ nínú ilé kan náà, ó fi nǹkan bo imú, ó ń fa èémí ẹni tó ń kú lọ gba ara ògiri kọjá, díẹ̀díẹ̀, bí ọmọdé ṣe ń fi sítíróò fa mínírà. Bí bàbá ṣe ń dákẹ́ lọ́hùn-ún ni Sàká ń dìde níhìn-ín, ó nu ojú, ó gba ìsọ̀ lọ. Kí ọ̀rọ̀ náà tó dé Ìsúndúnrìn, èémí inú sìlíńdà ti di mẹ́ta. Nígbà tí yóò fi dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn, ó ti di méje, wọ́n sì ní ti ọmọ ìkókó kan wà níbẹ̀.

Èmi àti Sàká jọ ń gbé ilé Bàbá Àjàmú ni. Mo fẹ́ bi àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ yìí kiri léèrè ohun kan: bí olè bá fẹ́ jí èémí, ṣé ti Bàbá Àjàmú ni yóò jí? Bàbá tó ti ń wúkọ́ láti ìgbà tí títì iwájú ilé wa ṣì jẹ́ yẹ̀pẹ̀. Ẹni tó bá jí èémí yẹn gbọ́dọ̀ jí ìgò oògùn ikọ́ mọ́ ọn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni Sàká. Wẹ́dà ni, ìsọ̀ rẹ̀ wà létí títì bí a bá ń jáde lọ sí Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Bí ẹ bá rí ilé àwọn ará Àbíjàn ní Ẹ̀jìgbò, àwọn ilé ńláńlá tó máa ń wà ní títì pa láti ọdún Iléyá kan dé òmíràn, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òun ló ṣe géètì wọn. Ẹ lóṣòó kí ẹ wo ìsàlẹ̀ géètì náà látinú. Bí ẹ bá rí aláǹgbá irin kékeré kan tó lẹ̀ mọ́ ọn, iṣẹ́ Sàká ni. Ó ní kò sí ilé tí kì í ní aláǹgbá, kí ló dé tí ti olówó máa yàtọ̀.

Orí rẹ̀ tóbi. Gbogbo ilé ló ń rí i, èmi nìkan ni mo máa ń sọ ọ́. Láti kékeré ni mo ti ń sọ fún un pé bó bá ra fìlà tuntun, kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ fi pọn omi kún àmù kó tó dé e. Á lé mi yí kànga ká títí á fi bá mi, á sì fi ọwọ́ tó kún fún girísì pa mí lójú. Nígbà tí àìsàn wá mú orí náà, n kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́ fún bí oṣù kan. Sàká fúnra rẹ̀ ló bi mí pé kí ló ṣe ẹnu mi.

Bí ọyẹ́ bá ti ń mú lọ́dọọdún ni ẹ̀fọ́rí náà máa ń dé. Á lo bí oṣù méjì, á sì lọ bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè nílé. Láàárín oṣù méjì yẹn, agogo méjì ọ̀sán ni àkókò rẹ̀. Sàká á kírun Àílà, á jẹun, á wá jókòó kalẹ̀ bí ẹni tó ń retí àlejò. Bó bá di agogo méjì, ojú ọ̀tún á pọ́n. Omi á máa já bọ́ láti ojú ọ̀tún, ihò imú ọ̀tún á máa ṣàn, ìpéǹpéjú ọ̀tún á wálẹ̀ bí fèrèsé tí ìdè rẹ̀ já. Ojú òsì á tutù ní tirẹ̀, á máa wò wá bí ẹni pé kò mọ ẹnìkejì rẹ̀ rí. Sàká ní ṣe ló dà bí ẹni pé wẹ́dà kan wà nínú orí òun, tó ń fi iná jó ẹ̀yìn ẹyinjú. Kì í lè jókòó, kì í lè dùbúlẹ̀. Á máa rìn láti ìdí kànga dé ìdí ìbẹ́pẹ, láti ìdí ìbẹ́pẹ dé ìdí kànga. Nígbà mìíràn á fi iwájú orí lu ògiri, ibẹ̀ ti jìn sínú báyìí, símẹ́ǹtì rẹ̀ ti bọ́. Lẹ́yìn wákàtí kan tàbí wákàtí kan ààbọ̀, á kúrò.

Mo ti fi ọwọ́ ara mi dán ẹ̀fọ́rí náà wò. Mo dá aago ògiri Sàká padà sẹ́yìn ní wákàtí kan, mo ní bóyá á ṣìnà. Aago ṣì ń wí pé agogo kan nígbà tí Sàká ti wà ní ìdí ìbẹ́pẹ. Nígbà tí ara rẹ̀ balẹ̀ tó rí ohun tí mo ṣe, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Kàdíjà, àlejò rí aago náà. Ó ní kí n kí ọ.”

Kò sí ohun tí a kò ṣe. Wọ́n ní iná wẹ́dìn ló ń bá ojú rẹ̀ jà. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún odindi oṣù kan, àlejò kò yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ra awò fún un. Ó mu àgbo, ó mu hàntú tí àlùfáà fọ̀ láti ara wàláà. Oníṣègùn eyín kan ní eyín ni, ó yọ méjì lápá ọ̀tún. Eyín méjèèjì kú láìṣẹ̀, ẹ̀fọ́rí sì dúró síbi tó wà.

Lọ́dún tó kọjá ni a mú un lọ sí ilé ìwòsàn nínú ìlú. A ti ń tò láti àárọ̀, kò sì tíì kàn wá nígbà tó di agogo méjì. Oore ńlá ni ìdúró yẹn ṣe wá, nítorí gbogbo dókítà tó ti wo Sàká rí, ìgbà tí ara rẹ̀ dá ni wọ́n ń wò ó. Ariwo orí rẹ̀ lára òpó ló mú Dókítà Oyèṣọlá jáde. Agùnbánirọ̀ ni, ọjọ́ orí rẹ̀ kò lè ju tèmi lọ púpọ̀. Ó dúró, ó wo Sàká, ó bi í pé ojú wo ni, láti ọdún mélòó, ó sì ní kí wọ́n gbé ọ́síjìn wá.

Ara wa bù máṣọ. Ní ìlú wa, ẹni tí wọ́n bá ti gbé ọ́síjìn sí nímú, a ti ń fóònù àwọn ọmọ rẹ̀ ní Àbíjàn nìyẹn, kí wọ́n máa bọ̀ nílé. A kò tíì rí ẹni tí wọ́n fi í sí tó tún padà wá jẹun. Ràshídátù, ìyàwó Sàká, jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún opó. Mo sọ fún un pé kó jọ̀ọ́, kó jẹ́ kí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ kú ná.

Ìbòmú kan tó ní àpò rọ́bà nísàlẹ̀ ni wọ́n fi bo imú àti ẹnu rẹ̀. Ó jókòó, ó tẹ̀ síwájú, àpò náà ń wú, ó ń rọ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tíì pé tó fi gbé orí sókè. Omi wà lójú ọ̀tún bí ìṣe rẹ̀. Omi tún wà lójú òsì. Láti ọdún mẹ́sàn-án, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí i tí ojú rẹ̀ méjèèjì ń sunkún pọ̀.

Dókítà ṣàlàyé fún wa pé ẹ̀fọ́rí yìí ní orúkọ, ọ̀wọ́ọ̀wọ́ ló máa ń wá, àwọn tí ó ń ṣe kò pọ̀ ṣùgbọ́n wọ́n wà káàkiri ayé. Ọ́síjìn kò ní lé e lọ pátápátá. Yóò kàn máa pa tọjọ́ kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá tètè fi í sí, kó pọ̀, kó sì le. Sàká ní sìlíńdà ọ́síjìn wà ní ìsọ̀ òun, òun fi ń gé irin. Dókítà kìlọ̀ fún un gidigidi pé kò gbọ́dọ̀ fi ti irin sí imú, ti aláìsàn ni kó wá. Bó bá sì rí i, kò gbọ́dọ̀ sí iná tàbí òróró nítòsí rẹ̀ láéláé. Bí ìsọ̀ ṣe bọ́ nínú ọ̀rọ̀ nìyẹn, nítorí iná ni ìsọ̀ wẹ́dà. Ilé ìwòsàn náà kò lè máa fún un lójoojúmọ́. Díẹ̀ tí wọ́n ní, àwọn ìkókó tí kò lè mí dáadáa ni wọ́n fi ń dóòlà. Yàrá rẹ̀ nílé Bàbá Àjàmú nìkan ló kù.

Nígbà tí ọyẹ́ tún dé lọ́dún yìí, ẹ̀gbọ́n Sàká tó wà ní Àbíjàn bá a wá ọ̀nà sìlíńdà. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àlejò ti ń jẹ ẹ́ níyà kí sìlíńdà tó dé. Wàhábì tó ń wa bọ́ọ̀sì sí Òṣogbo ló gbé e wá, sìlíńdà náà ga dé àyà mi, èjìká rẹ̀ funfun. Sàká ṣe ẹsẹ̀ irin fún un kó má baà ṣubú, mo sì dùbúlẹ̀ wò ó: aláǹgbá kan wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Gééjì kan wà lọ́rùn sìlíńdà náà tó ń fi iye tó kù hàn. Bí Sàká bá ti lò ó tán lọ́sàn-án, á fi ṣọ́ọ̀kì kọ ibi tí ọwọ́ gééjì dúró sí ara ògiri, kó lè mọ iye ọ̀sán tó kù fún un.

Ọjọ́ mẹ́jọ àkọ́kọ́ yẹn, ẹ kò ní mọ̀ pé Sàká kan náà ni. Agogo méjì, ó wọlé. Kò tó ìdajì wákàtí, ó jáde, ó ń kọrin tí kò mọ̀ ọ́n kọ. Ó parí géètì kan tó ti pa tì láti oṣù tó kọjá. Ràshídátù ń fi í ṣẹ̀sín pé òun ti gbàgbé bí ọkọ òun ṣe máa ń jẹun lọ́sàn-án láìsáré.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Bàbá Àjàmú kú. Ó ti ṣe díẹ̀ tí àyà rẹ̀ ti ń dùn ún. Agogo méjì ti kọjá díẹ̀ nígbà tí a gbọ́ igbe láti yàrá rẹ̀. Gbogbo ilé sáré lọ, àfi Sàká. Sàká wà lábẹ́ ìbòmú, orí ń lọ̀ ọ́ bí ata, kò tiẹ̀ gbọ́. Àǹtí Wàlíyátù, aránṣọ òdìkejì ilé wa, sáré wọlé pẹ̀lú òṣùwọ̀n lọ́rùn. Bó ṣe ń kọjá lọ ní fèrèsé Sàká, ó rí i. Ó fà mí láṣọ, ó bi mí pé kí ni àpò tó ń mí yẹn.

Mo ti sunkún débi tí ojú mi wú. Báyìí ni èmi máa ń ṣe, bí nǹkan bá ti dùn mí jù, yẹ̀yẹ́ ló máa ń já bọ́. Mo ní, “Èémí Bàbá ni. Wọ́n ní kí Bùọ̀dá Sàká bá àwọn dì í mú díẹ̀, àwọn fẹ́ sinmi.”

Kò rẹ́rìn-ín. N kò ṣàkíyèsí pé kò rẹ́rìn-ín.

Àwọn obìnrin mélòó ló ń dé ìsọ̀ aránṣọ lóòjọ́? Wọ́n ń gba ìwọ̀n, wọ́n ń gba ìròyìn. Ọ̀rọ̀ náà sì bọ́gbọ́n mu lójú wọn, nítorí bí mo ṣe sọ, ẹni tó bá wà lábẹ́ ọ́síjìn níbí, kíkú ló ń kú. Ẹni tó jókòó lábẹ́ rẹ̀ tó tún dìde lọ jó irin, ó ní ibi tó ti rí ẹ̀mí tó fi dìde. Ọjọ́ kẹta, ọkùnrin kan wá kó irin géètì rẹ̀ kúrò ní ìsọ̀, ó ní òun kàn fẹ́ tún un rò. Ọjọ́ karùn-ún, Wàhábì wá sọ fún Sàká pẹ̀lú ìtìjú pé òun kò lè gbé sìlíńdà mọ́. Èrò kò wọ ọkọ̀ òun láti àná. Ọjọ́ kẹfà, Ràshídátù gbé ọmọ pọ̀n, ó ní òun fẹ́ lọ kí ìyá òun ní ìlú Ara. Ó sọ fún mi lẹ́nu ọ̀nà pé òun kò gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Oorun ni kò kùn òun nítòsí nǹkan yẹn mọ́.

Mo lọ bá Sàká, mo kúnlẹ̀. Mo ní, “Bùọ̀dá, èmi ni mo sọ ọ́.”

Ó ní, “Mo mọ̀. Ta ló tún lè sọ irú ẹ̀?” Ó fi ọwọ́ girísì pa mí lójú, ṣùgbọ́n kò lé mi.

Sàídátù, àkọ́bí Bàbá Àjàmú, dé láti Àbíjàn lọ́jọ́ tó ku ọ̀la àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Ó ti wà lọ́nà láti ìgbà tí wọ́n ti fóònù rẹ̀, ààlà dá a dúró, kò bá ìsìnkú. Òun ló wá ni ilé báyìí. Lẹ́yìn àdúrà, ó pe gbogbo wa sí àgbàlá pẹ̀lú Àlùfáà. Ó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bóyá ìyẹn ló burú jù. Ó ní, “Mi ò bá Sàká jà o. Ṣùgbọ́n bàbá mi kò ní máa wà nínú irin. Ẹ bá mi tú wọn sílẹ̀.”

Mo jáde síwájú, mo sọ fún wọn pé èmi ni mo dá yẹ̀yẹ́ náà sílẹ̀, bó ṣe jáde lẹ́nu mi gẹ́lẹ́ ni mo tún un sọ. Sàídátù wò mí títí. Ó ní, “Kàdíjà, ṣé ìwọ kọ́ lo wá sọ fún mi ní Iléyá tó kọjá pé àwọn ará ààfin ń bọ̀ wá fi mí joyè, tí mo fi wọ léèsì jókòó títí di Màgàríbì? Èwo nínú irọ́ rẹ ni ká gbà gbọ́, tàná ni àbí tòní?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àní Àlùfáà rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó ní òun kò rí ibi tí wọ́n kọ irú èyí sí, ṣùgbọ́n àlàáfíà ilé dára. Gbogbo ojú wá padà sọ́dọ̀ Sàká. Ó lè sọ pé òun kò tú u. Ibo ni yóò wá gbé e lọ? Ìsọ̀ kún fún iná, ilé kì í ṣe tirẹ̀. Ó kàn dìde, ó lọ gbé e jáde.

Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ pa iná àdògán tí wọ́n fi ń se oúnjẹ àdúrà. Ó ní kí wọ́n kó àwọn ọmọ sẹ́yìn. Ó tú gééjì kúrò lọ́rùn rẹ̀, ó nu ọwọ́ mọ́ tónítóní, ó wá rọra ṣí i bí ẹni ń ṣí ilẹ̀kùn yàrá tí ọmọ sùn sí.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Sàídátù sún mọ́ ọn, ó tẹ̀ ba, ó sọ̀rọ̀ sí i ní Faransé, ó tún un sọ ní Yorùbá pé, “Bàbá, mo ti dé. Ẹ má bínú pé mo pẹ́.” N kò lè bínú sí i. Mo gbìyànjú. Ṣùgbọ́n mo ń gbọ́ bí nǹkan yẹn ṣe ń hó, mo sì ń rò ó lọ́kàn pé Bàbá Àjàmú kì í ka Fátíà kan parí láìwúkọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ọjọ́ wo ni wọ́n kọ́ bí wọ́n ṣe ń mí báyìí láìdánudúró?

Nígbà tó dákẹ́, wọ́n ṣe àmín. Wọ́n pín mọ́ínmọ́ín.

Agogo méjì, àlejò dé. Sàká wọ yàrá lọ, ó gbé ìbòmú náà, kò sí ohun tó so mọ́ ọn, ó fi bo imú. Àpò náà pẹlẹbẹ. Ó jókòó bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan, ó tẹ̀ síwájú bí dókítà ṣe kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ó gbé e sílẹ̀ ó sì jáde sí ìdí ìbẹ́pẹ. Àwọn tó wá ṣàdúrà ṣì wà níbẹ̀, wọ́n ń wò ó bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀. Ẹnì kan ní ẹ ò rí i, èémí tó jí ti kúrò lára rẹ̀.

Mo ti wá Dókítà Oyèṣọlá lọ. Ọdún ìsìnlú rẹ̀ ti pé, wọ́n ní apá òkè Ọya ló lọ. Ẹni tó wà ní àyè rẹ̀ fún mi ní páńdọ́ọ̀lù. Ràshídátù ṣì wà ní Ara. Sìlíńdà òfìfo wà lẹ́yìn ilé, adìẹ ń sùn lé e. Ẹ̀gbọ́n Àbíjàn ti gbọ́ ìròyìn náà lọ́dọ̀ àwọn ará ilé, kì í gbé fóònù mọ́. Bí ó bá sì tilẹ̀ gbé e, ta ni yóò gbé sìlíńdà dé, ibo ni a ó sì gbé e sí? Ó di ọjọ́ kẹfà lónìí tí Sàká ti ń fi orí lu ògiri. Ní àná mo sọ fún un pé bí orí náà bá tiẹ̀ kéré ni, ògiri ì bá máa rí ara gba nǹkan. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, lápá òsì.

Mo wọ yàrá rẹ̀ láàárọ̀ yìí láti gbálẹ̀. Àwọn nọ́ńbà tó fi ṣọ́ọ̀kì kọ ṣì wà lára ògiri. Àádọ́jọ ló wà lókè, ọjọ́ tí sìlíńdà dé. Mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ló wà nísàlẹ̀, ọjọ́ tó ṣáájú àdúrà. Mẹ́rin mẹ́rin ló ń wálẹ̀. Ìyẹn ni pé ọ̀sán mọ́kànlélógún ló kù nínú rẹ̀ nígbà tí a tú u, tí ì bá gbé Sàká dé òpin ọyẹ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí Bàbá Àjàmú kú, mẹ́rìnléláàádọ́fà ló kọ. Lọ́jọ́ kejì, àádọ́fà.

Láti ọjọ́ tí sìlíńdà náà ti wọlé títí di ọjọ́ tí wọ́n tú u, ọwọ́ gééjì rẹ̀ kò gòkè lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.